Wọ́n na ọwọ́ sí ọkọ̀ yín lójú títì: ta ni, kí ló fẹ́, ìwé rẹ̀ dà?

Alábòójútó
Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń dá dúró ti fọ́n káàkiri pátákó yìí: ọ̀kan lábẹ́ gíláàsì dúdú, ọ̀kan lábẹ́ ìnṣọ́ránsì, ọ̀kan lábẹ́ "wọ́n ní kí n ṣí fóònù mi". Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìtàn bí wọ́n ṣe rẹ́ yín jẹ; ẹ kọ ohun tí ẹlòmíì lè lò lọ́la. Ìbéèrè mi rèé: ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ọlọ́pàá lè kìlọ̀ fún Táyé kó ní kó máa lọ, kó sì wọ́ Kẹ́hìndé lọ sí tẹ́ṣàn. Kí ló ń pinnu rẹ̀?

Lọ́yà_Mọ́kọ́lá
Ká tó dé ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó na ọwọ́ sí yín. Oríṣi mẹ́rin la sábà máa ń bá lójú títì, agbára wọn kò sì dọ́gba. Ọlọ́pàá nìkan ló lè mú ènìyàn lórí ẹ̀sùn ọ̀daràn gbogbo, kódà èyí tí kò kan ìwakọ̀. FRSC, tí a ń pè ní Ródù Séfùtì, ń lo òfin tí wọ́n ṣe fún wọn ní 2007 àti ìlànà ìrìnnà ojú títì ti 2012. Ìwé ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, iye owó sì wà nínú rẹ̀. LASTMA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2000, ti Èkó nìkan ni. Ìrìn ọkọ̀ ni iṣẹ́ wọn: iná pupa, wọ́nwéè, dídúró níbi tí kò yẹ. VIO ló ni àyẹ̀wò ọkọ̀ fúnra rẹ̀, bóyá ó yẹ lójú títì tàbí kò yẹ.

Ìdájọ́ kan wà tí àwọn ènìyàn ń ṣì lò. Ní 2 October 2024, Adájọ́ Evelyn Maha ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ábùjá sọ pé kò sí òfin tó fún VIO ibẹ̀ lágbára láti dá ọkọ̀ dúró, láti gbẹ́sẹ̀ lé e, tàbí láti bu owó ìtanràn lé awakọ̀ lórí, ó sì ní kí wọ́n san ₦2.5 mílíọ̀nù fún ẹni tó pe ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ Àbújá ni o! Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn àti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ní òfin ìrìnnà tiwọn. Ẹ má dúró ní Ìwó Róòdù n'Ìbàdàn kẹ́ ẹ máa ka ìdájọ́ Àbújá sí VIO létí.

Ọlọ́pàá_Àná
Mo ti fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè Alábòójútó bó ṣe rí gan-an.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú ẹni tó dá ọkọ̀ dúró: kó kìlọ̀, kó kọ ìwé, kó mú ọkọ̀ tàbí awakọ̀ lọ. Ohun tó yẹ kó fi ṣe ìpinnu kò pọ̀. Ṣé ewu wà nísinsìnyí? Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, bó ti wù kí awakọ̀ bẹ̀bẹ̀ tó. Ṣé ìwé kò sí rárá ni àbí ó wà nílé? Àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni àbí ó ti di àṣà?

Ibi tó ti ń bàjẹ́ rèé. Ródù Séfùtì ní ìwé pélébé tó wà láàárín ìkìlọ̀ àti ìmúni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọlọ́pàá tó dúró lójú títì kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ohun méjì ló kù fún un: "máa lọ" tàbí "ó di tẹ́ṣàn". Tẹ́ṣàn tó jìnnà, ọjọ́ tó máa ṣòfò, ẹrù tó wà nínú ọkọ̀, gbogbo ìwọ̀nyí ni awakọ̀ máa ń rò. Àárín méjèèjì yẹn ni ẹ̀gúnjẹ ń gbà wọlé. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ pé ọkùnrin náà burú. Àlàfo wà níbẹ̀, owó ló sì ń dí i. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá lè mú kí ìdúró yẹn ní àkọsílẹ̀, ẹ ṣe é.

Dẹ́rẹ́bà_Sángo
Ọ̀gá, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Tí wọ́n bá na ọwọ́, ẹ tan tíràfíkétọ̀ sí ọ̀tún, ẹ rọra kúrò lójú ọ̀nà pátápátá. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì lójijì sáàárín títì ti fún wọn ní ẹ̀ṣẹ̀ kejì lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ alẹ́, ẹ dín iná iwájú kù kí ó má baà gún wọn lójú, ẹ tan iná inú ọkọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ wà lójú ihò rẹ̀: ẹ yọ ọ́ sápò. Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní títì, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ yín nìkan ni kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀, ìdajì ti tó. Ọwọ́ méjèèjì lórí sítíárín. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ẹ kí wọn: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá." Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìwé tó yẹ kó wà nínú fáìlì kan ṣoṣo: lásẹ́ńsì ìwakọ̀, lásẹ́ńsì ọkọ̀, ìwé ọkọ̀-yẹ-lójú-títì, ìnṣọ́ránsì, àti ìwé ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹ tò wọ́n bí ọjọ́ wọn ṣe máa kú, èyí tó máa kọ́kọ́ kú kó wà lókè. Ẹ má kó gbogbo fáìlì lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èyí tó bá béèrè ni kẹ́ ẹ yọ, kẹ́ ẹ sì máa fi ojú tẹ̀ lé e. Fáìlì tó bá ti wọ inú ọkọ̀ ọlọ́pàá ti di ìdè.

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó ti yín nínú ọkọ̀ láti "júwe tẹ́ṣàn". Ẹ sọ pé: "Ọ̀gá, ẹ máa lọ níwájú, mo ń tẹ̀ lé yín bọ̀." Ẹ mọ orúkọ tẹ́ṣàn náà kẹ́ ẹ tó gbéra.

Mọkáníìkì_Ládípọ̀
Ẹ má fi ẹ̀rọ yín ṣe ẹlẹ́rìí lòdì sí ara yín. Àwọn nǹkan kéékèèké ni wọ́n fi ń dá ènìyàn dúró, wọ́n sì rọrùn láti tún ṣe:

Gílóòbù bíréèkì àti ti nọ́ńbà ẹ̀yìn. Ẹ gbé ọkọ̀ sún mọ́ ògiri lálẹ́, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ wo ògiri nínú díńgí. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Táyà. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin wà nínú àpótí kékeré. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. FRSC ń sọ pé ọdún 4 ni ẹ̀mí táyà, yálà ẹ lò ó tàbí ẹ fi í pamọ́. Tòkúnbọ̀ tó ń dán lè ti gbó tán nínú àpò, àwọn tó ń tà á sì mọ̀.

Ohun ìpaná: ọwọ́ aago orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àwọ̀ ewé, kí ọjọ́ ara rẹ̀ má sì tí ì kú. Ẹ má fi sí abẹ́ ẹrù nínú búùtù, abẹ́ ìjókòó ni ibi rẹ̀. C-caution náà.

Iye owó tó wà nínú ìwé Ródù Séfùtì, kẹ́ ẹ lè mọ ìgbà tí ẹnìkan bá ń ta ọjà tirẹ̀: àìlo bẹ́líìtì ₦2,000, fóònù lójú ìwakọ̀ ₦4,000, táyà ₦3,000, ohun ìpaná ₦3,000, C-caution ₦3,000, nọ́ńbà ọkọ̀ ₦3,000, ọ̀rọ̀ lásẹ́ńsì ìwakọ̀ ₦10,000, ìwakọ̀ eléwu ₦50,000. Ẹni tó bá sọ pé táyà jẹ́ ₦25,000, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé.

Kọ́lá_Agége
Gbogbo òfin yìí dára, àmọ́ àkókò dà? Ẹ fún wọn ní ₦2,000 kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀ kò ráyè ẹjọ́.

Lọ́yà_Mọ́kọ́lá
Bọ̀dá Kọ́lá, ẹ gba mí láyè kí n takò yín. Àkọ́kọ́, òfin ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ti ọdún 2000 mú ẹni tó fún àti ẹni tó gbà. Ní ti Ródù Séfùtì, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà nínú ìwé wọn fún fífi rìbá lọ òṣìṣẹ́: ₦10,000. Ẹ wá wò ó: ẹ̀ṣẹ̀ ohun ìpaná tó jẹ́ ₦3,000 ti di ₦13,000 nítorí ₦2,000 tí ẹ na ọwọ́ rẹ̀. Èkejì, owó tí ẹ fún un lọ́wọ́ kò pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Níwájú, ní ibùdó tó kàn, táyà náà ṣì gbó, ẹ kò sì ní ìwé kankan tẹ́ ẹ máa fi hàn pé ẹ ti san nǹkan.

Ìwé ẹ̀ṣẹ̀ FRSC ní orúkọ yín, nọ́ńbà ọkọ̀, irú ẹ̀ṣẹ̀, iye, àti òṣìṣẹ́ tó kọ ọ́. Báńkì tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń sanwó, kì í ṣe àpò òṣìṣẹ́. Tí ẹ kò bá gbà pé ẹ ṣẹ̀, ẹ lè kọ̀ láti san, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí kọ́ọ̀tù gbọ́ ọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ń kó àmì jọ sórí lásẹ́ńsì: láti 10 sí 14, ìkìlọ̀; 15 sí 20, wọ́n á dá a dúró fún ìgbà kan; 21 sókè, wọ́n á gbà á.

Kọ́lá_Agége
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tí kò ní ìwé ńkọ́?

Lọ́yà_Mọ́kọ́lá
Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè kan ṣoṣo fi ṣe pàtàkì: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀?" Ẹ bi í ní ohùn jẹ́jẹ́, ẹ tún un bi lẹ́ẹ̀kejì tó bá fi ìbéèrè dáhùn. Abala 36(12) ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ohun tí kò sí nínú òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí ìjìyà rẹ̀ náà kò sì sí níbẹ̀. "O jọ ẹni tó ń ṣe Yahoo" kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé kí ọlọ́pàá tó tú ènìyàn tàbí ọkọ̀ wò, ìfura tó ní ìdí gbọ́dọ̀ wà. Irun dàdà, aṣọ, ọjọ́ orí, wọn kò tó ìdí. Mo mọ̀ pé ojú títì kò tíì gbọ́ òfin yẹn dáadáa: ọmọkùnrin ọdún 22 tó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká nínú Benz ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Òfin náà wúlò lẹ́yìn ìdúró, nígbà tí ẹ bá ń kọ ẹ̀sùn: ẹ kọ ìdí tí wọ́n sọ jáde lẹ́nu, ní ọ̀rọ̀ wọn gan-an.

Tí wọ́n bá máa tú ọkọ̀, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ dúró níbi tí ẹ ti ń rí ọwọ́ wọn, ẹ ní kí wọ́n máa ṣe é láti ilẹ̀kùn kan sí èkejì, kì í ṣe ènìyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ẹ̀rọ̀ sọ pé: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ọwọ́ yín." Ìtúwò ara obìnrin, obìnrin ló máa ṣe é.

Ti fóònù: abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa dáàbò bo ìgbésí ayé àdáni, ìwé àti ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ẹni. Ní 4 October 2020, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà fòfin de kí wọ́n máa tú fóònù àti kọ̀ǹpútà ará ìlú káàkiri. Ọjọ́ 7 lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tú SARS, ikọ̀ ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè, ká. Ẹ ti fóònù pa pẹ̀lú nọ́ńbà, kì í ṣe ìka tàbí ojú, nítorí wọ́n lè gbé e síwájú ojú yín.

Ìyá_Ìbejì_Àkúrẹ́
Ẹ ṣeun, lọ́yà. Àfikún fún àwa tí à ń gbé ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀. Gbogbo "ẹ̀tọ́ mi" yìí, ẹ má sọ ọ́ fún ẹni tó gbé ìbọn tí òórùn ọtí ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́. Ìdúró yẹn kì í ṣe kọ́ọ̀tù. Ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ rántí púpọ̀, ẹjọ́ di ọ̀la.

Ohun tí ẹ máa rántí: orúkọ tó wà láyà aṣọ, nọ́ńbà ara ọkọ̀ wọn, ibi tí wọ́n dúró sí (ilé epo, bírííjì, orúkọ ọjà), aago, iye wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Tí orúkọ bá ti yọ kúrò láyà, nọ́ńbà ọkọ̀ ló kù. Tí kò bá sí nọ́ńbà, tí wọn kò sì wọ aṣọ iṣẹ́, ẹ má dúró nínú òkùnkùn: ẹ tan iná méjèèjì tó ń ṣẹ́jú, ẹ rọra wa ọkọ̀ dé ilé epo tàbí ibi tí iná àti ènìyàn wà.

Ẹ fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ sí ẹnìkan nílé lórí WhatsApp kí ọkọ̀ tó dúró tán. Ẹ lè ya fídíò, kò sí òfin tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ ẹ má na fóònù sí wọn lójú. Ẹ gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ó máa gba ohùn. Ohùn nìkan tó.

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi owó ránṣẹ́ sórí àkáǹtì, tàbí kẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ oní-POS tó wà nítòsí, àkọsílẹ̀ báńkì nìyẹn: orúkọ ẹni tó gbà á, aago, iye. Ẹ má pa á rẹ́.

Ọlọ́pàá_Àná
Ìyá Ìbejì, ẹ sọ ọ́ ire. Mo fi èyí kún un: ẹ̀sùn tí kò ní aago àti ibi pàtó kì í lọ síbì kankan. Ọ̀gá tó ń ṣèwádìí máa wo ìwé ẹni tí wọ́n rán síta lọ́jọ́ náà. "Àwọn ọlọ́pàá kan ní Ọ̀rẹ̀" kò ràn án lọ́wọ́, "ọkọ̀ nọ́ńbà báyìí, 3:40 ọ̀sán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo báyìí" ràn án lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá DPO, ọ̀gá tẹ́ṣàn tó ni agbègbè náà, tàbí agbẹnusọ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn náà, CRU, ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá, tó ti wà láti November 2015. Ìwé sí Police Service Commission ni tí ọ̀rọ̀ bá le. Ti Ródù Séfùtì, 122 ni nọ́ńbà, kò gba owó.

Lọ́yà_Mọ́kọ́lá
Tó bá sì di àtìmọ́lé: abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa ni kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ lè dákẹ́ títí ẹ ó fi rí lọ́yà. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ìdí tí wọ́n fi mú yín, ní èdè tí ẹ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, Yorùbá náà jẹ́ èdè. Ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé yín dé kọ́ọ̀tù tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40. Níbòmíràn, ọjọ́ méjì, tàbí bí kọ́ọ̀tù bá ṣe rí i pé ó tọ́. Béèlì kò gba owó. Wọn kò gbọdọ̀ lé oníduúró nítorí pé obìnrin ni, wọ́n sì ń ṣe é lójoojúmọ́. Abala 35(6) sọ pé ẹni tí wọ́n tì mọ́lé lọ́nà tí kò bófin mu ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba. L'Ékòó, Office of the Public Defender ń gba ẹjọ́ ẹni tí kò lówó lọ́yà.

Tọ́lá_Peckham
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Fún àwọn tó ń bọ̀ wá síbí: ìyàtọ̀ ńlá wà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, abala 163 òfin ìrìnnà 1988 fún ọlọ́pàá tó wọ aṣọ iṣẹ́ lágbára láti dá ọkọ̀ yòówù dúró láìsọ ìdí kankan. Ẹ dúró, kíkọ̀ láti dúró fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n dídá dúró kì í ṣe ìtúwò. Kí wọ́n tó tú yín tàbí ọkọ̀ yín lábẹ́ PACE, òfin agbára ọlọ́pàá ti 1984, ìfura tó ní ìdí gbọ́dọ̀ wà, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n ń wá, orúkọ wọn àti tẹ́ṣàn wọn, ẹ sì lè gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ gbà á, kódà tí kò bá sí wàhálà. Lásẹ́ńsì tí kò sí lọ́wọ́, wọ́n lè fún yín ní ọjọ́ 7 láti mú un lọ sí tẹ́ṣàn tí ẹ bá yàn. Ọkọ̀ tí kò ní ìnṣọ́ránsì, wọ́n lè gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Houston
Ti Amẹ́ríkà, ohun kan ni mo fẹ́ kí àwọn àgbà wa tó ń bọ̀ wá kí ọmọ fi sọ́kàn: ẹ má bọ́ sílẹ̀ lọ bẹ ọ̀gá. Nílé, ọ̀wọ̀ ni. Níbí, ewu ni. Ẹ jókòó, ọwọ́ lórí sítíárín, ẹ sọ kẹ́ ẹ tó na ọwọ́ sí àpò: "Ìwé wà nínú àpótí yìí, ṣé kí n mú un?" Tó bá ní kẹ́ ẹ jáde, ẹ jáde, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fún un láṣẹ yẹn láti 1977, fún èrò inú ọkọ̀ náà láti 1997. Ó lè fi gílóòbù tó kú dá yín dúró nígbà tó jẹ́ ohun mìíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹjọ́ Whren ti 1996 gbà á. Àmọ́ láti 2015, ẹjọ́ Rodriguez ní kò gbọdọ̀ fa ìdúró náà gùn ju ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì gbà lọ láìsí ìfura tuntun. Tó bá béèrè "ṣé mo lè wo inú búùtù?", ìbéèrè ni, ẹ lè sọ pé rárá. Fífọwọ́ sí tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe jíjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà_Sángo
Alábòójútó mẹ́nu kan gíláàsì dúdú àti ìnṣọ́ránsì níbẹ̀rẹ̀. Ti ìnṣọ́ránsì: ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó ní 1 February 2025. Ti ọkọ̀ àdáni, ₦15,000 lọ́dún láti January 2023, ó sì ń bo ohun ìní ẹlòmíràn tó bàjẹ́ dé ₦3 mílíọ̀nù. Ayédèrú pọ̀ lójú títì, pàápàá ti ₦5,000. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín wò ó lórí askniid.org; tí kò bá jáde, owó yín ti wọ omi. Gíláàsì dúdú: òfin 1991 ni wọ́n ń lò, ọlọ́pàá sì sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2025. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọ̀rọ̀ náà sì dé kọ́ọ̀tù, nítorí náà ẹ wo ojú ewé ọlọ́pàá ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ rìnrìn àjò. Èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́, wọ́n ní òun náà nílò ìwé.

Kọ́lá_Agége
Ìbéèrè ìkẹyìn tèmi. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wọlé tó sì ti yọ kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?

Ọlọ́pàá_Àná
Ẹ má já a gbà. Ẹ má di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ibẹ̀ ni "ó lu ọlọ́pàá" ti ń jáde. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ béèrè ọ̀gá ikọ̀ náà, ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù níbẹ̀. Ó sábà máa ń jókòó nínú ọkọ̀ tàbí lábẹ́ igi. Òun ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀: "Ọ̀gá, kọ́kọ́rọ́ mi wà lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi fún mi." Tí ọ̀gá kò bá rí ẹ̀ṣẹ̀ tó máa sọ, kọ́kọ́rọ́ á padà. Tó bá sì sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, pẹ̀lú aago.